Ẹrù Àjàmú Tí Mo Jẹ́ Kó Lọ sí Àjàmé

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 1997, Ràfíátù ìyàwó Jímọ́ọ̀ wá sí ilé mi ní Ẹ̀jìgbò, ó gbé báàgì ọkọ rẹ̀ dání. Àwọn awakọ̀ tó ti Àbíjàn dé ló gbé e lé e lọ́wọ́. Jímọ́ọ̀ ti kú láàárín oṣù Kẹwàá, wọ́n sì ti sin ín sí ọ̀hún. Ràfíátù yọ lẹ́tà kan jáde nínú báàgì náà, ọ̀rá ni wọ́n fi wé e, ó sì ti gbó ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á. Abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí." Mo gba lẹ́tà náà. Ìkọ̀wé ara mi ni mo rí níbẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́, irọ́ ni mo sì kọ síbẹ̀. Mo wo ojú obìnrin yìí, mo ní ìkíni lásán ni, pé ọ̀rẹ́ kan ló fi ń kí i. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ọlọ́run á san án fún yín. Nínú gbogbo gáréèjì, ẹ̀yin nìkan lẹ ò pe ọkọ mi ní olè rí." Nígbà tó lọ, mo jókòó síbi tó fi mí sí títí tí wọ́n fi pèrun ìrọ̀lẹ́. Ohun tí mo ti bò mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án gbọdọ̀ jáde wàyí, kí n tó tún rí ẹlòmíràn tí n ó purọ́ fún.

Orúkọ mi ni Joseph Dúrójaiyé, ọmọ Másífà ni mí. Bàbá mi ò rán mi ní ilé-ìwé. Agbára rẹ̀ ò ju ẹnì kan lọ, ẹ̀gbọ́n mi ló sì rán. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo ṣe dàgbà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1966, nígbà tí mo ti pé ọmọ ọdún méjìlélógún, mo forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ alẹ́ ní Ẹ̀jìgbò. Òjò pa mí bọ̀ láti Másífà ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìwé mi rin gbindin. Olùkọ́ ní kí n lọ dúró sẹ́yìn títí yóò fi gbẹ, mo sì dúró. Ṣòkòtò kan ṣoṣo ni mo ní, sìmẹ́ńtì ti mú kó le bíi páálí. Àwọn tó kéré sí mi nínú kíláàsì ń pè mí ní Bàbá Jẹ́lé-ó-sinmi. Ìdánwò ìwé mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é kí n tó yege. Nítorí náà, nígbà tí àwọn onímọ́tò gbà mí sí gáréèjì ní ọdún 1979 láti máa kọ orúkọ sára ẹrù tó ń lọ sí Àbíjàn, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Akọ̀wé, orúkọ náà dùn mọ́ mi ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ ohun tí mo fi ẹ̀mí ẹlòmíràn dáàbò bò. N kò fi ṣe àwáwí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Ẹ̀jìgbò mọ̀ pé kò sí agbo ilé tí kò ní ènìyàn ní Àbíjàn. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún á ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tajà nílé, yálà nínú lẹ́tà tàbí nínú kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gba ohùn wọn sí: ẹ fi ọṣẹ dúdú ránṣẹ́, ẹ fi èlùbọ́ ránṣẹ́, ẹ bá mi ra aṣọ. Ẹni tó ń tajà á di ẹrù rẹ̀ wá sí gáréèjì, èmi á kọ orúkọ ẹni tó ni ín àti àdúgbò rẹ̀ sára páálí, a ó rán páálí náà mọ́ àpò, n ó sì kọ ẹ̀dà rẹ̀ sínú ìwé ńlá mi. Awakọ̀ á gbé e gba Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lómè àti Àkírà, ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń bẹ̀rù jù ni "ẹrù ò dé." Tí ọ̀rọ̀ náà bá ti wọlé, alága ẹgbẹ́ onímọ́tò á pe ẹni tó tajà, á pe awakọ̀, á sì ní kí n ka ohun tó wà nínú ìwé. Nígbà mìíràn, ẹrù ti dé, ìbátan ẹni tó rà á ló gbà á tó sì ti rò ó lóúnjẹ. Ìyá kan ní Ọ̀là gba lẹ́tà pé ọṣẹ òun ò dé. Nígbà tí awakọ̀ dé Àbíjàn, òórùn ọṣẹ náà ló kí i káàbọ̀ lára ẹni tó kọ lẹ́tà. A máa ń fi irú ìyẹn rẹ́rìn-ín. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní ẹ̀rín nínú.

Àṣàbí, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Bàṣírátù, ń hun kíjìpá ní Ìsúndúnrìn, ó sì ń tà á fún àwọn ará Àbíjàn. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ń hun aṣọ, ìyá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàmú, tó wà ní Àbíjàn. Obìnrin náà kú ní ọdún 1988, ìdajì aṣọ sì wà lórí òfì rẹ̀. Àjàmú ò lè wá síbi ìsìnkú. Iṣẹ́ ò jẹ́ kó wá. Kásẹ́ẹ̀tì ló fi ránṣẹ́ sí Àṣàbí. Mo gbọ́ ọ nítorí pé rédíò mi ni wọ́n fi gbọ́ ọ. Ohùn ọkùnrin náà wálẹ̀ gan-an. Ó ní, "Ẹ má gé e, ìyá mi. Ẹ bá mi hun ìyókù mọ́ ọn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ fọwọ́ kan ibi tí ọwọ́ wọn dé." Àṣàbí hun ún parí. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án, ó gbé e wá sí gáréèjì, ó ti dì í pẹ̀lú irú àti ọṣẹ. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ kó hàn o. Treichville ló ń gbé." Mo mú páálí, mo kọ AJAMU gàdàgbà. Ìgbà tó kan Treichville, orúkọ àdúgbò rẹ̀, ọwọ́ mi dúró. Mo mọ̀ ọ́n pè, n kò mọ̀ ọ́n kọ. Ara àpò lẹ́tà ni mo ti máa ń wò ó kọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì ni Àjàmú fi ránṣẹ́, kásẹ́ẹ̀tì ò sì ní ohun tí ènìyàn lè wò kọ. Fọlọ́runṣọ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ náà, ojú sì tì mí láti máa ṣí ìwé ńlá mi wá a kọ lójú rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé girama, ẹgbẹ́ sì ń sọ ọ́ pé bóyá kó wá máa ṣiṣẹ́ náà. Gbólóhùn kan ni kí n bi í: báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́? N kò bi í. Mo kọ ABIDJAN sábẹ́ AJAMU, mo sì fi ọwọ́ bo páálí náà títí Ìyá Bàṣírátù fi rán an mọ́ àpò.

Jímọ́ọ̀ ló ń to ẹrù sórí mọ́tò. Awakọ̀ ni, kò mọ̀wé, kò sì sí ẹni tó sún mọ́ mi jù ú lọ ní gáréèjì. Tó bá ti Àbíjàn dé, á mú búrẹ́dì gígùn kan lọ́wọ́ fún mi, á ní, "Bọ́ńjúù, Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí eyín yín náà ṣiṣẹ́." Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan ẹrù náà, ó kígbe láti òkè pé, "Ẹ̀gbọ́n, níbo lèyí ń lọ?" Ìdérí bírò wà láàárín eyín mi. Mo ní, "Ti Àjàmú ni." Ó ní, "Àjàmé. Ó yá." Ẹni tí kò bá dé Àbíjàn rí lè má mọ̀: Àjàmé jẹ́ àdúgbò kan níbẹ̀, tó ní gáréèjì ńlá tirẹ̀, ó sì jìnnà sí Treichville. Mo ti sọ fún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà pé n kò gbọ́ ohun tó sọ. Mo gbọ́. Mo rò ó pé tí mo bá tún un ṣe, á ní kí n ka àdúgbò tó wà lára páálí, Fọlọ́runṣọ́ á sì na ọrùn wò ó. Mo dákẹ́. Mọ́tò gbéra.

Ní oṣù Kọkànlá, lẹ́tà Àjàmú dé, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n bá a kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ní òun ti lọ síbi tí mọ́tò ń dúró sí lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹrù ò dé. Ó ní òun ò bẹ̀bẹ̀ fún owó, aṣọ ìyá òun lòun ń wá. Treichville wà lára àpò lẹ́tà náà, létà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ hàn kedere, bí ẹni pé ó ń wò mí. Nígbà tí Jímọ́ọ̀ ti ìrìn àjò dé, mo pè é sẹ́yìn ọ́fíìsì, mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àjàmé kẹ̀. Ibi tí ẹ ní kí n jù ú sí náà ni mo jù ú sí. Mo fà á lé ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹrù lọ́wọ́." Mo ní, "Àjàmú ni mo wí, orúkọ ẹni tó ni ín." Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo pè é padà fún yín, mo ní Àjàmé. Ẹ ò dá mi dúró." Lẹ́yìn náà ló ní, "Kò burú. Ẹ̀yin ẹ kàn ṣàlàyé fún Bàbá, wọ́n á gbọ́ tiyín." Bàbá tó ń wí ni Bàbá Gàníyù, alága wa. Mo ní n ó ṣàlàyé. Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, mo ṣí ìwé ńlá mi, mo gbé àpò lẹ́tà Àjàmú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì wò ó kọ Treichville sí àárín AJAMU àti ABIDJAN. Bírò kan náà ni mo lò. Ó gún régé.

Ìpàdé náà kún. Àṣàbí jókòó lórí àpótí, ó ká ọwọ́ lérí. Bàbá Gàníyù ní, "Akọ̀wé, ka ohun tó wà níbẹ̀ fún wa." Mo kà á pé: Àjàmú, Treichville, Àbíjàn. Jímọ́ọ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà." Mo tún un kà. Mo rò pé á pariwo, pé á ní irọ́ ni mò ń pa, mo sì ti to ohun tí n ó fi dá a lóhùn jọ. Kò pariwo. Ó wo ìwé náà fún ìgbà pípẹ́, bí ènìyàn ṣe ń wo odò tí kò mọ bó ṣe jìn tó, ó wá ní, "Tó bá ti wà nínú ìwé bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé etí mi ni kò gbọ́ dáadáa." Ẹ gbọ́ o. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́, ohun tí ẹnu òun fúnra rẹ̀ pè padà, ó gbà pé irọ́ ni, nítorí pé èmi ló ka ìwé. Àṣàbí ní, "Jímọ́ọ̀, n kò pè ọ́ lólè. Ṣùgbọ́n ìdajì aṣọ yẹn, ọwọ́ òkú ló hun ún. Ta ni kí n bẹ̀ kó tún un hun?" Bàbá Gàníyù gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ Jímọ́ọ̀, wọ́n ní kò gbọdọ̀ gbé ẹrù Ẹ̀jìgbò mọ́ títí tó fi máa rí ẹrù náà, tàbí tó fi máa mú ẹ̀rí wá. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní gáréèjì. Wọ́n á ní, "Àjàmé, bá mi gbé ìyàwó mi dé Ògbómọ̀ṣọ́, má gbé e sọnù o." Ràfíátù náà ń gbọ́ ọ lójú ọ̀nà ọjà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1989, Jímọ́ọ̀ wọ mọ́tò ẹlòmíràn bí èrò, ó lọ wá ẹrù náà. Ó fi ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá àti Sẹ̀kínátù ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjì, sílẹ̀ fún Ràfíátù. Ó dágbére fún mi. Ó ní, "Ẹ bá mi máa yọjú sí wọn, Ẹ̀gbọ́n."

Oṣù mẹ́ta ló fi wá a. Ní oṣù Kẹrin, awakọ̀ kan fi àpò ìwé kan lé mi lọ́wọ́, ó ní láti ọ̀dọ̀ Jímọ́ọ̀ ni. Páálí mi wà nínú rẹ̀, okùn tí Ìyá Bàṣírátù fi rán an ṣì wà létí rẹ̀. AJAMU, ABIDJAN. Kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Ìwé kékeré kan tí wọ́n fi Faransé kọ wà pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù fọwọ́ sí, àti lẹ́tà tí Jímọ́ọ̀ ní kí wọ́n bá òun kọ. Mo mọ lẹ́tà náà lórí títí dòní. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, mo rí ọkùnrin náà. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wá gba ẹrù náà, wọ́n tú u, wọ́n pín ohun inú rẹ̀, àpò àti páálí ló kù. Mo ní kí wọ́n ka páálí náà sí mi létí lẹ́ẹ̀mẹta. Treichville ò sí níbẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé ìkánjú ni. Ẹ mú u lọ fún Bàbá fúnra yín, kó lè jẹ́ pé ẹnu yín ló ti jáde, kí ó má dà bíi pé èmi ni mo tú yín fó. Tí mo bá ti gbọ́ pé Bàbá ní kí n máa bọ̀, màá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀." Ó mọ gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ ó ń wá ọ̀nà tí ojú ò fi ní tì mí. Ọ̀sán gangan ni. Ọ̀gbẹ́ni tó ń lẹ táyà ti dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì. Mo rìn lọ síbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí i, mo sì ju gbogbo rẹ̀ sínú iná. Páálí náà pẹ́ kó tó jó. Ọ̀gbẹ́ni náà ní, "Akọ̀wé, kí lẹ̀ ń jó?" Mo ní, "Ìwé tí kò wúlò mọ́."

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú jù. Rárá. Ní oṣù Kẹfà ó tún ránṣẹ́ pé, kí ni Bàbá wí? Bàbá ò wí nǹkan kan, nítorí pé Bàbá ò mọ nǹkan kan. Mo jókòó, mo sì kọ lẹ́tà ní orúkọ Bàbá Gàníyù. Mo kọ ọ́ pé: "Jímọ́ọ̀, a rí ohun tí o fi ránṣẹ́. Kò tẹ́ wa lọ́rùn. Inú ìlú ò tíì rọ̀ sí ọ. Dúró sí ibi tí o wà títí a ó fi pè ọ́." Òun ni lẹ́tà tí wọ́n rí lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Bàbá Gàníyù kú, kò sì sí ẹni tó tún lè pè é mọ́ àfi èmi. N kò pè é. Ó dúró. Ẹrù ló ń fi ọmọlanke tì kiri ní gáréèjì Àjàmé, àwọn awakọ̀ wa sì ń rí i. Wọ́n á ní, "Kí ló dé tó ò lọ sílé?" Á ní òun ń retí ìránṣẹ́ kan. Wọ́n dé Ẹ̀jìgbò, wọ́n ní ojú ló ń tì í. Tí mọ́tò Àbíjàn bá ti wọlé, Ràfíátù á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, lẹ́yìn náà pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. "Akọ̀wé, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan?" "N kò gbọ́, Ràfíátù." "Ẹ ṣé o." Ó lè tó ìgbà àádọ́ta tí a sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí fún ara wa. Ìyá Jímọ́ọ̀ kú lọ́wọ́ Ràfíátù ní ọdún 1992. Àṣàbí ò hun aṣọ fún ará Àbíjàn mọ́. Ó ní òun ò lè tún fi ọwọ́ ara òun gbé nǹkan sọnù. Ìyàwó mi kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ní òun ò mọ ohun tó ń ṣe mí, pé bí òun bá sọ̀rọ̀, ògiri ló ń dá òun lóhùn. Àwọn Mùsùlùmí gáréèjì ṣì máa ń pè mí síbi ìtunu ààwẹ̀ wọn bíi ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n n kì í lọ mọ́. Èmi nìkan ni mò ń jẹun. Mo ti dá jẹun tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbé pé àwo kejì wà nínú ilé.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí Ràfíátù wá bá mi, mo lọ sí ilé rẹ̀, mo sì sọ gbogbo ohun tí mo kọ síbí yìí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Kò gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀wà náà títí mo fi sọ ọ́ tán. Ó bi mí pé, "Ṣé ó mọ̀ pé ẹ̀yin ni?" Mo ní ó mọ̀ nípa páálí, kò mọ̀ nípa iná, kò sì mọ̀ pé kì í ṣe Bàbá ló kọ lẹ́tà. Ó ní, "A jẹ́ pé ó kú pẹ̀lú èrò pé ìlú ò fẹ́ òun." Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, Akọ̀wé. Ẹ máa lọ." N kò lè bínú sí i. Mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n ó ka ìwé yìí níwájú ẹgbẹ́ onímọ́tò, n ó sì fi ìwé ńlá mi hàn wọ́n, kí wọ́n rí ibi tí mo ti kọ Treichville. Àjàmú, ẹ forí jì mí. Ìyá Bàṣírátù, ẹ forí jì mí. Jímọ́ọ̀ ò gbọ́ mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà, mo bẹ̀ yín, tí ẹ ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan, ẹ béèrè lójú gbogbo ayé. Ìtìjú náà kò tó ìṣẹ́jú kan.

Aṣọ náà kò dé ọwọ́ Àjàmú. Jímọ́ọ̀ ò dé ilé. Sẹ̀kínátù ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá, kò mọ ohùn bàbá rẹ̀.